Ẹ Má Tíì Sanwó: Ìfiwéra Àwọn AI Tó Lè Bá Yín Ṣètò Oúnjẹ Alẹ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bó bá jẹ́ torí oúnjẹ alẹ́ nìkan lẹ ṣe fẹ́ máa san owó oṣooṣù fún AI, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fowó yín sápò ná. Èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ tó ọ̀pọ̀ ilé lò, bí ẹ bá ti mọ èyí tó bá ilé yín mu, tí ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Àmọ́ wọn kò rí bákan náà o. Ohun tí ọ̀kan ṣe dáadáa, òmíràn lè má rí i ṣe rárá.

Ẹni tí mò ń kọ èyí fún ni ìyá tàbí bàbá tó ti Èkó dé, tó bọ́ọ́lẹ̀ ní Interchange Ṣàgámù nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, tàbí olùkọ́ tó ń ti Ìjagun bọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú ìdì ìwé tí kò tíì máàkì. Ebi ń pa àwọn ọmọ, kò sí ata lílọ̀ nílé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wá oúnjẹ àrà. Ohun tó ń wá ni kí wọ́n ti bá a ro ó sílẹ̀, kó tó délé.

Meta AI: èyí tó ti wà nínú WhatsApp yín

Òrùka aláwọ̀ búlúù tí ẹ máa ń rí nínú WhatsApp nìyẹn. Ọdún 2024 ló dé Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ò ní áàpù kankan láti gbà sórí fóònù, ìwọ̀nba dátà tí WhatsApp ń jẹ náà ló ń jẹ.

Ohun tó fi ta àwọn yòókù yọ fún oúnjẹ ilé ni gúrúùpù. Bí ẹ bá ní gúrúùpù ìdílé, ẹ kọ @Meta AI síbẹ̀, kí ẹ ní kó to ohun tí wọ́n máa rà lọ́jà sílẹ̀ fún oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta. Ojú gbogbo yín ló ti máa dáhùn. Bàbá tó wà ní Ìpẹru rí i pé òun ló máa ra ẹja, ọmọ tó ti ilé ìwé dé rí i pé òun ló máa rẹ ẹ̀wà sómi. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹnì kan láti béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá èèyàn sọ lórí WhatsApp wà ní títì pa, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá Meta AI sọ ń lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Meta, láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni wọ́n sì ti lè máa lò ó láti mọ irú ìpolówó tí wọ́n máa gbé síwájú èèyàn. Ọ̀rọ̀ ata àti gàrí kò burú níbẹ̀. Àìsàn ọmọ yín àti oògùn tí ìyá yín ń lò, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀.

Gemini: èyí tó ní ojú àti etí

Google ló ni ín. Bard ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní oṣù Kejì ọdún 2024. Bí fóònù yín bá jẹ́ Android, ó ṣeé ṣe kó ti wà lórí rẹ̀.

Fún ẹni tó ń dáná, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ lè ya fọ́tò ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ àti fíríìjì yín, kí ẹ béèrè pé kí la lè fi èyí sè kó tó aago méje. Ẹ sì tún lè fi ohùn bá a sọ̀rọ̀ lórí Gemini Live láìfọwọ́ kan fóònù. Ẹni tó ti rin ewùrà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ọwọ́ ń yọ̀, ó ń yún, ewùrà ti dé ọrùn ọwọ́. Bí ẹ bá ti gbé fóònù ti ògiri, ẹ kàn máa bi í léèrè pé, "Ìgbà wo ni kí n da edé sí i?" Àkójọ ọjà tó bá ṣe, ẹ lè ní kó fi sínú Google Keep, áàpù tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, ẹ ó sì kà á níbẹ̀ bí ẹ bá dé ọjà Òkè-Ajé.

Kámẹ́rà àti ohùn ń jẹ dátà ju ọ̀rọ̀ kíkọ lọ. Ẹ jẹ́ kó wà fún ìgbà tí ọwọ́ yín bá dí ní tòótọ́.

ChatGPT: èyí tó ń rántí

Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni OpenAI gbé e jáde. Bí ẹ bá ti ṣí àkáǹtì, ẹ lè ní kó máa rántí nǹkan: pé ẹ̀pà kì í bá ọmọ yín kejì lára mu, pé ẹ ò ní ófùn, pé Sátidé nìkan lẹ máa ń lọ sọ́jà. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sọ ọ́. Fún ètò odindi ọ̀sẹ̀, ìrántí yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí ohun tó ń tánni ní sùúrù jù nínú AI ni kéèyàn máa tún àlàyé ilé ẹ̀ ṣe lójoojúmọ́.

Tọ̀fẹ́ ní ààlà. Bí ẹ bá ti lò ó dé ibì kan lóòjọ́, yóò ní kí ẹ dúró tàbí kí ẹ sanwó. Fún ètò oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó ṣòro kí ẹ dé ààlà yẹn. Ó ti wà lórí WhatsApp rí, ṣùgbọ́n ó kúrò níbẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2026, nítorí náà bí ẹnì kan bá ń ta nọ́ńbà "ChatGPT lórí WhatsApp" fún yín báyìí, ẹ má dá a lóhùn.

Claude àti Copilot náà lè ṣètò oúnjẹ. Bí ẹ bá ti ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ fi wọ́n ṣe é, ẹ má wulẹ̀ ra òmíràn. Àwọn áàpù tí wọ́n dìídì ṣe fún oúnjẹ náà wà, bíi Mealime àti Samsung Food (òun ló ń jẹ́ Whisk kó tó di ọdún 2023, kì í sì í ṣe fóònù Samsung nìkan ló ń gbà á). Wọ́n mọ́ lójú, wọ́n ń to ọjà dáadáa, ṣùgbọ́n oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè ló kún inú wọn. Ẹni tó ń se ẹ̀fọ́ àti ẹ̀bà yóò máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo nǹkan sínú wọn. N kò ní sọ pé kí ẹ sanwó fún wọn.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà á gbọ́

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi èyíkéyìí nínú wọn ni bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́ fún èèyàn márùn-ún. Ẹ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa. Ewùrà ló gbọ́dọ̀ sọ, kì í ṣe iṣu funfun. Rínrin ló gbọ́dọ̀ ní kí ẹ rin ín, kì í ṣe kí ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná. Omi ata pẹ̀lú epo pupa, edé, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ ni yóò kọ́kọ́ hó, lẹ́yìn náà lẹ ó fọwọ́ bu ewùrà sí i ní kókó kókó, ẹ ó dín iná kù, ẹ ó dé e, ẹ ò sì ní tètè rò ó kí kókó rẹ̀ má baà fọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo dán wò ní kí n lọ̀ ọ́ nínú bẹ̀lẹ́ńdà kó dán. Òmíràn ní iṣu èyíkéyìí tó bá wà nílé ló ṣeé lò. Èyí tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú lè ṣi yín lọ́nà lórí oúnjẹ tí ẹ̀yin fúnra yín kò mọ̀ ọ́n sè, ẹ̀yin ò sì ní mọ̀.

Àwa ará Rẹ́mọ lè fi ẹ̀bìrìpò, tí wọ́n ń fi kókò ṣe, dán tiwa wò. Kókò tí kò jinná dénú máa ń yúnni lọ́fun, nítorí èròjà kan tó ń jẹ́ oxalate tó wà nínú rẹ̀. AI tó bá fi ẹ̀bìrìpò sínú oúnjẹ ìṣẹ́jú ogún ní alẹ́ Mọ́ńdè kò mọ ohun tó ń sọ. Rínrin wà níbẹ̀, pípọ́n séwé wà níbẹ̀, sísè tó pẹ́ sì wà níbẹ̀. Oúnjẹ òpin ọ̀sẹ̀ ni.

Ìbéèrè kejì ni ti iná mànàmáná, òun ló sì ká mi lára jù. Ètò tí gbogbo wọn fẹ́ràn láti fúnni ni pé ká se oúnjẹ ní Sọ́ńdè, ká kó o sínú fíríìjì, ká máa jẹ ẹ́ di Ọjọ́bọ̀. Ìlú tí iná kì í lọ ni wọ́n fi ń ro ètò yẹn. Fíríìjì tí wọn kò ṣí máa ń di òtútù mú fún bíi wákàtí 4 péré lẹ́yìn tí iná bá lọ. Firísà tó kún lè tó wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì lè tó 24. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kí oúnjẹ sísè má ju wákàtí 2 lọ níta láìsí nínú òtútù. Ìrẹsì ni kí ẹ ṣọ́ jù: bó bá ti sùn síta, kòkòrò kan lè ti tu májèlé sínú rẹ̀ tí gbígbé kaná kò ní pa. Ẹ sọ fún AI pé iná lè lọ láti àárọ̀ di alẹ́, kí ẹ wò ó bóyá yóò yí ètò rẹ̀ padà. Èyí tó dára á ní kí ẹ di ata díndín sínú ike kéékèèké nínú firísà, kí ẹ máa se ìrẹsì lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò yí nǹkan kan padà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìwọ̀n ọjà náà wà níbẹ̀. Gíráàmù àti ife ni wọ́n máa ń sọ. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà fún wa lọ́jà. Ẹ ní kó fi kóńgò àti iye owó tí ẹ fẹ́ ná to ọjà náà. Ẹ má gba iye owó tí òun bá fúnra rẹ̀ dá lé ata tàbí tòmátì gbọ́, torí iye owó ọjà tiwa kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń kọ sí i

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ fún un ló máa pinnu ohun tí ẹ máa gbà. "Fún mi ní oúnjẹ alẹ́" kò tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí, kí ẹ fi ti ilé yín rọ́pò tèmi:

"Àgbà mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la máa ń délé. Gáàsì olójú méjì la ní, kò sí ófùn. Iná kì í dúró. Gàrí Ìjẹ̀bú, ìrẹsì, ẹ̀wà, epo pupa, ẹyin àti sadíìnì wà nílé. Sátidé nìkan la ń lọ sọ́jà. Bàbá àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣètò oúnjẹ alẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má gbà ju ìṣẹ́jú 40 lọ, kí ata díndín kan náà ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ mẹ́ta."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń dá àkókò padà fúnni. Bí ata bá ti wà nílẹ̀, ẹ̀bà ò gbà ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ, ìrẹsì yóò jinná nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ fún ọmọ, iṣu àti ẹyin náà kò pẹ́. Bó bá fi ẹ̀wà sí Ọjọ́rú, ẹ bi í pé ta ni yóò rẹ ẹ́ láàárọ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ wo iyọ̀ inú ètò rẹ̀. Kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé wí, bíi ṣíbí tíì kan, iyọ̀ tó wà nínú Maggi sì wà nínú ìyẹn. Àwọn AI máa ń kọ iyọ̀ sí i, wọ́n á tún kọ Maggi méjì sí i. Dókítà ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀ lórí èyí.

Yorùbá tí gbogbo wa ń kọ ni kí ẹ fi bá wọn sọ̀rọ̀. Bí Yorùbá wọn bá ń kọsẹ̀, ẹ sọ ìyókù ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí orúkọ oúnjẹ wà bó ṣe ń jẹ́. Ewùrà ni kí ẹ kọ.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ilé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pín iṣẹ́ ọjà àti ti ìdáná, tí dátà sì wọ́n: Meta AI. Ẹni tó ń dá sè é, tó fẹ́ kí wọ́n wo ohun tó wà nílé kí wọ́n sì máa bá òun sọ̀rọ̀ bó ṣe ń dáná: Gemini. Ẹni tó fẹ́ jókòó ní Sátidé kó ṣètò ọ̀sẹ̀ kan, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì ní ohun tí wọn kì í jẹ: ChatGPT. Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan fún ilé tó ní ọmọ kéékèèké, Gemini ni n óò mú, torí ọwọ́ tó wà lómi.

Ní ti owó, ChatGPT Plus àti Claude Pro jẹ́ $20 lóṣù. Bí dọ́là bá jẹ́ ₦1,500, ₦30,000 nìyẹn, ₦360,000 lọ́dún. Mi ò rí oúnjẹ alẹ́ tó gba irú owó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá máa fi ṣe iṣẹ́ tó ń mówó wọlé pẹ̀lú, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi báńkì yín bóyá káàdì náírà yín lè san owó dọ́là. Ti Google rọrùn díẹ̀ níbẹ̀, torí náírà ni Play Store fi ń kọ iye owó fún wa.

Bí ẹ bá sì ti sanwó tí ẹ fẹ́ dáwọ́ dúró, yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kò dá owó náà dúró. Inú Play Store, níbi tí wọ́n kọ Subscriptions sí, lẹ ó ti fagi lé e. Tó bá jẹ́ orí ìkànnì wọn lẹ ti sanwó, ibẹ̀ náà lẹ ó padà sí. Ẹ ṣe é kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa tún yọ owó.