Mónítọ̀ 144Hz àti capture card: wáyà kan ni àbí wáyà méjì?

Ẹ ti ra mónítọ̀ 144Hz, èyí tó lè pààrọ̀ àwòrán nígbà 144 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ sì tún fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kejì máa ká géèmù yín sílẹ̀ fún YouTube. Capture card ni ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán géèmù wọ inú kọ̀ǹpútà kejì yẹn. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti so wọ́n pọ̀: splitter olówó pọ́ọ́kú tó ń pín HDMI kan sí méjì, káàdì tí àwòrán máa gba inú rẹ̀ kọjá sí mónítọ̀, tàbí wáyà méjì láti ẹ̀yìn graphics card, DisplayPort sí mónítọ̀, HDMI sí capture card. Ẹni tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ní ò nílò káàdì rárá. Kó tan NVENC (apá graphics card Nvidia tó ń ká fídíò) nínú OBS, ìyẹn sọ́fíwia tí wọ́n fi ń ká fídíò, tó bá jẹ́ Nvidia ló ń lò, kó fowó rẹ̀ sápò.

Splitter ló gbówó lọ́wọ́ mi. Ẹni tó tà á fún mi ń tọ́ka sí “4K” lára páálí, ó ní kò sóhun tí kò lè gbé. Lóòótọ́, géèmù ṣí, fídíò ń wọlé, gbogbo ẹ̀ dà bíi pé ó pé. Àmọ́ tí mo bá fi mouse yíjú kíá, àwòrán á máa wọ́ tẹ̀lé mi bí ẹni tí bàtà rẹ̀ tóbi jù. Mo ṣí Settings, mo wọ System, Display, Advanced display: 60Hz. Kọ̀ǹpútà ò sì kìlọ̀ fún mi rárá.

Ohun tó ń fà á ni pé ohunkóhun tẹ́ ẹ bá so mọ́ HDMI ló máa ń sọ fún graphics card irú àwòrán tó lè gbà àti bó ṣe lè yára tó. EDID ni wọ́n ń pe ìsọfúnni yẹn. Bí splitter bá rí 144 lápá kan, tó rí 60 lápá kejì, èyí tó kéré ló sábà máa ń mú, nítorí àwòrán kan náà ló fẹ́ fún àwọn méjèèjì. Ní 144Hz, àwòrán tuntun ń jáde láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 6.9, ní 60Hz, ó di 16.7. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an lẹ sanwó mónítọ̀ fún. “Duplicate” inú Windows, tó ń fi àwòrán kan náà hàn lójú méjì, náà lè fìyà kan náà jẹ yín.

Káàdì tó ń gbé àwòrán kọjá sàn ju ìyẹn lọ dáadáa, tẹ́ ẹ bá mọ nọ́ńbà tó yẹ kẹ́ ẹ wò. Tẹ́ ẹ bá dé Computer Village n'Ìkẹjà, ẹ má bèèrè pé ṣé 4K ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “passthrough” sí lára páálí, kẹ́ ẹ wo Hz tó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tó ní “p” ń sọ bí àwòrán ṣe tóbi tó, èyí tó tẹ̀ lé e ni Hz: Elgato HD60 S ò kọjá 1080p ní 60. HD60 X ń gbé 1440p ní 120. 4K60 Pro MK.2 àti Live Gamer 4K ti AVerMedia ń gbé 1440p ní 144, àti 1080p ní 240. Ẹni tó bá fẹ́ 4K tó ju 60 lọ, àfi HDMI 2.1, irú bíi Elgato 4K X. Ti fídíò tẹ́ ẹ fẹ́ ká, 60 tó, torí YouTube fúnra rẹ̀ kì í ju 60 lọ.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ káàdì USB ló jẹ́ pé ara kọ̀ǹpútà tó ń ká fídíò ni wọ́n ti ń gba iná. Bí NEPA bá mú iná, tí kọ̀ǹpútà yẹn kú, mónítọ̀ yín náà máa ṣókùnkùn láàárín géèmù, kódà bí UPS bá ń gbé kọ̀ǹpútà géèmù.

Wáyà méjì ò níyẹn. Mónítọ̀ ò mọ̀ pé káàdì kankan wà, 144 rẹ̀ pé, G-Sync tàbí FreeSync rẹ̀, tó ń mú kí mónítọ̀ àti graphics card máa rìn pọ̀, sì wà níbẹ̀. Nínú Windows, ẹ yan “Extend” kí capture card lè dà bíi mónítọ̀ kejì, ẹ ṣí OBS lórí kọ̀ǹpútà géèmù, ẹ tẹ ọ̀tún mouse lórí àwòrán, kẹ́ ẹ fi Fullscreen Projector gbé e sórí ojú capture card. OBS á jẹ díẹ̀ nínú agbára graphics card, ẹ ó sì tún ètò ohùn ṣe. Tí mo bá ń ká fídíò, 120 ni mo máa ń fi mónítọ̀ sí, torí 120 pín sí 60 gééré, 144 ò pín.

PS5 àti Xbox Series X ò ní ju ihò HDMI kan lọ, nítorí náà káàdì agbékọjá ni tiwọn, kẹ́ ẹ sì pa HDCP, ààbò tí kì í jẹ́ kí wọ́n ká àwòrán, nínú PS5. Lórí kọ̀ǹpútà, káàdì 1080p60 tí kò wọ́n pẹ̀lú ojúlówó wáyà DisplayPort ti tó yín.