Ẹ ṣọ́ra fún "Elden Ring tó rọrùn" tí wọ́n ń tà ní Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tí ẹ ń gbá géèmù, ẹ dúró ná kí ẹ tó fowó ránṣẹ́. Ọmọkùnrin kan wà lágbègbè Pánṣẹ́kẹ́ tó ń sọ kiri pé òun ní géèmù Elden Ring tí wọ́n ti dín ìjà ẹ̀ kù. Irọ́ ni. Kò sí irú ẹ̀. ₦47,000 ló ti gbà lọ́wọ́ èmi àti àbúrò mi, ₦25,000 nínú ẹ̀ ló sì fi irọ́ yìí gbà. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọgbọ́n tó ń ta ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ta á.

Èmi àti àbúrò mi la dáwó jọ, a ra géèmù náà sórí PS4 wa, ẹ̀rọ tá a fi ń gbá géèmù, ní ₦22,000. Kò fún wa ní CD. Ó ní ayé CD ti kọjá, pé àkáǹtì tòun lòun máa fi gbé e sórí ẹ̀rọ wa. A gbà fún un. Màá padà síbẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbá Elden Ring mọ ohun tójú wa rí. O ò tíì mọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń sá fún idà, ẹ̀dá ọlọ́wọ́ rẹpẹtẹ kan ti pa ọ́. O bọ́ síta, o rí ẹlẹ́ṣin kan tó wọ ihámọ́ra wúrà, tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. O rò pé torí pé òun lo kọ́kọ́ rí, òun lo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá jà. Ó pa wá títí ó fi sú wa. Rune tó o bá rí kó jọ, tó jẹ́ owó, tó tún jẹ́ agbára, ibi tó o kú sí ló máa wà. Tó o bá tún kú kó o tó dé ibẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi pàdánù èyí tó fi ọjọ́ mẹ́ta kó jọ, ó rọra gbé pádì sílẹ̀, ó lọ sùn láìjẹun.

Àmọ́ Margit ló pa wá lẹ́kún, ọ̀gá ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé olódi Stormveil. (Ọ̀pá ni mo wí o, kì í ṣe ọlọ́pàá tìlú.) Á gbé ọ̀pá sókè, wàá rò pé ó fẹ́ lù ọ́, wàá yí gbirigbiri sá. Kò tíì lù ọ́. Á dúró kó o dìde tán, ìgbà yẹn ló máa wá sọ ọ́ kalẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀mí ẹ̀ ti ku bíńtín, ni wọ́n bá mú iná lọ.

Ìgbà yẹn ni mo lọ bá ọmọkùnrin yìí pé kí ló tà fún wa. Kò bá mi jiyàn rárá, ṣe ló ń káàánú mi. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ti àkọ́kọ́ lẹ gbà yẹn, ó le. Tuntun ti dé, wọ́n ti dín ìjà ẹ̀ kù. Shadow of the Erdtree ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú ₦25,000 wá." Nígbà tójú ti ń kan èèyàn báyẹn, ọ̀rọ̀ tó bá rọ òun lára ló máa gbà gbọ́. Mo fi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé. Iléeṣẹ́ FromSoftware ní Japan ló ṣe Elden Ring, ó sì jáde ní 25 Oṣù Kejì 2022. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń yan ìjà tó rọrùn tàbí èyí tó le nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Shadow of the Erdtree, tó jáde ní 21 Oṣù Kẹfà 2024, àfikún ni, kò rọ́pò ohunkóhun. Ó tiẹ̀ tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. O ò sì lè wọ ibẹ̀ àfi tó o bá ti pa Radahn, tó o tún pa Mohg, àwọn ọ̀gá méjì tó wà nínú géèmù àkọ́kọ́. Àwa tí Margit ò jẹ́ ká wọlé! Bí ìgbà tèèyàn ta kọ́kọ́rọ́ yàrá òkè fún ẹni tí wọn ò tíì ṣí géètì fún.

Mo pariwo lé e lórí lórí fóònù. Lọ́jọ́ kẹta, a tan PS4, àgádágodo kékeré ti wà lára àwòrán géèmù náà. Ohun tó ṣe nìyí: àkáǹtì kan, PS4 kan ṣoṣo ló lè jẹ́ ojúlówó ilé ẹ̀, níbi tí àwọn ẹlòmíì ti lè gbá géèmù tó wà lórí ẹ̀. Ó sọ tiwa dilé, ó gbowó. Nígbà tí oníbàárà míì dé, ó gba ipò yẹn lọ́wọ́ tiwa, ó gbé e fún onítọ̀hún. Mo ti rí ọmọléèwé kan ní àdúgbò Camp tí àgádágodo yìí wà lára tiẹ̀ náà. Nígbà tí mo bi ọmọkùnrin náà, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ló dí mi pa lórí WhatsApp.

Màámi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtọ́kú gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí. "Èèyàn tó ń ra aṣọ ọ̀pá kan lọ́wọ́ mi, á tú u wò níwájú, á tú u wò lẹ́yìn, á tún bi mí bóyá aró ẹ̀ máa ń ṣí. Ìwọ ra ohun tó ò rí lójú, o ò bèèrè nǹkan kan." Mi ò rí èsì fọ̀.

Nítorí náà, CD ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ kì í bọ ẹ̀rọ níṣojú ẹni tó ń tà á. Tó bá jẹ́ èyí tí ò ní CD, àkáǹtì tiyín ni kẹ́ ẹ fi rà á, pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀.

Ti Margit ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni ìrànlọ́wọ́ tó wà nínú géèmù náà. Ẹ fi í sílẹ̀ ná, ẹ kọjá afárá sí apá gúúsù, Weeping Peninsula, ẹ kó rune jọ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì kó o sórí Vigor kí ẹ̀mí yín lè gùn. Ẹ lu idà yín kó lè mú sí i ní Church of Elleh, ṣọ́ọ̀ṣì àwókù kan nínú géèmù náà, títí dé ìpele +3. Tẹ́ ẹ bá ti ní ẹṣin, ẹ padà síbẹ̀ lálẹ́: obìnrin kan tó ń jẹ́ Renna á fún yín ní agogo tí wọ́n fi ń pe ìkookò mẹ́ta wá jà. Patches, oníbékebèke inú ihò Murkwater, ń ta ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tó ń so Margit mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀ ní 5,000 rune. Oníjìbìtì lòun náà o, ṣùgbọ́n ọjà tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

A ti ra CD àlòkù ní Kútọ̀. Margit kú lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò mi ló pa á. Ẹni tó bá ti ra nǹkan lọ́wọ́ ọmọkùnrin Pánṣẹ́kẹ́ yìí, kó kọ ọjọ́ tó rà á àti iye tó san sísàlẹ̀ níbí. Ẹ̀rí owó tí mo fi ránṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ mọ iye èèyàn tó ti ta àkáǹtì kan náà fún.