Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Fọlágbadé tó bá wa tẹ ìwé pélébé àwọn tíṣà

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé Yorùbá ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò sì fẹ́ gbé e dé Ṣómólú, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó wà lókè àwọn aláṣọ ní òpópónà Fọlágbadé. Mo fún wọn ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún.

Tíṣà ìjọba ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, inú ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, ni mo sì ti lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi. A fẹ́ kí àwọn tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ìjọba bá gbé ilé ìwé gbogbogbòò lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. La bá kọ ìwé pélébé nípa ilẹ̀ England, níbi tí wọ́n ti sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ìwé ìjọba di ohun tí wọ́n ń pè ní academy, ìyẹn ilé ìwé tí àjọ kan gbà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ láti máa darí. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn lọ́dún 2002 nígbà ìjọba Tony Blair. Òfin ọdún 2010 tí Michael Gove, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nígbà náà, gbé wá ló wá jẹ́ kó gba gbogbo ìlú kan. Ẹ̀dà 300 la fẹ́, ojú ewé 16.

Àmì ohùn ni mo ń bẹ̀rù jù. Ibòmíràn tí a ti tẹ̀wé rí, gbogbo ọ àti ẹ tó ní àmì lórí ló di àpótí òfìfo nígbà tí ìwé jáde, wọ́n ní bí kọ̀ǹpútà ṣe ṣe é nìyẹn. Níbí, obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ tẹ ojú ewé kan ṣoṣo jáde, ó fi bírò pupa yí gbogbo ibi tí àmì ti fò kúrò lórí lẹ́tà, ó pààrọ̀ fọ́ǹtì, ó sì tún un tẹ̀ lójú mi. Kò gba kọ́bọ̀ lé e.

Ohun tó mú mi kọ èyí gan-an ni pé, lálẹ́ ọjọ́ náà, ó pè mí lórí fóònù. "Ẹ má bínú, sà. Lójú ewé kẹsàn-án, ẹ kọ ọdún 125. Ṣé kì í ṣe 25 lẹ fẹ́ kọ? N ò fẹ́ fọwọ́ kàn án láìbi yín." Mo ní 125 ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ilẹ̀ ilé ìwé, sà? Fún ọdún 125?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ilé ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ bá di academy ní England, ọdún 125 ni wọ́n sábà máa ń fi ilẹ̀ rẹ̀ háyà fún àjọ tó gbà á, owó ilẹ̀ ọ̀hún kò sì tó nǹkan. Ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí ilẹ̀ ń jẹ́. Ta ló máa wà láyé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dá a padà? Àwọn òbí kì í sanwó ilé ìwé níbẹ̀ o, owó ìjọba ló ṣì ń gbé e. Àmọ́ àjọ yẹn ló di ọ̀gá tíṣà, látẹ̀yìnwá ó sì láyè láti gbé owó oṣù àti àkókò iṣẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀, láìwo ti ìlànà tó kárí orílẹ̀-èdè. Ohun tí ẹgbẹ́ olùkọ́ ibẹ̀ ń bá jà nìyẹn. NUT lorúkọ tiwọn náà, kó tó di pé òun àti ẹgbẹ́ olùkọ́ mìíràn, ATL, para pọ̀ di NEU lọ́dún 2017. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ìjọba ibẹ̀ kéde pé gbogbo ilé ìwé pátá ni yóò di academy kó tó di 2022. Àwọn olùkọ́ fárígá, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fárígá, títí kan àwọn aṣòfin inú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún, wọ́n ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ tipátipá. Ọdún yẹn kan náà ni NLC dìde n'Íbàdàn nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ fẹ́ fa ilé ìwé girama 31 lé àwọn aládàáni àtàwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́.

Obìnrin yìí ní kí n jẹ́ kí òun fi lẹ́tà gàdàgbà kọ 125 yẹn lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àṣìtẹ̀ ni. Mo gbà. Ojú ewé yẹn ni gbogbo ẹni tó gba ìwé náà kọ́kọ́ ń bi mí nípa rẹ̀.

Èyí tó gba máàkì kan lọ́wọ́ wọn ni ẹ̀yìn ìwé. Àwọ̀ ewé la ní kí wọ́n fi ṣe é. Ó jáde dúdú bí ewédú àná. Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n dá fún wa tún di Sátidé, wọ́n ní epo jẹnẹrétọ̀ ló tán, bẹ́ẹ̀ ìpàdé wa ti sún mọ́lé. Wọ́n bẹ̀ wá, wọ́n sì yọ owó díẹ̀ kúrò. Àwòrán Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti tí a fi sí inú ìwé jáde dáadáa, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, bó tilẹ̀ jẹ́ fọ́tò àtijọ́ tó ti pọ́n la kó fún wọn. A ò lè yọ ọ́ sílẹ̀: òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ NUT Nàìjíríà lọ́dún 1931, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀gá àgbà Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School níbí.

Ẹ lọ láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀, torí àga méjì péré ló wà níbẹ̀. Ẹ fi fláàṣì gbé iṣẹ́ yín lọ, ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ibẹ̀ ni àmì ti máa ń bàjẹ́. Ẹ sì sọ fún wọn pé obìnrin tó máa ń ka ohun tó ń tẹ̀ lẹ fẹ́ kó bá yín ṣe é. Àwọn ará wa ní Ṣágámù ti ní kí n bá àwọn tẹ 200 sí i, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mò ń gbé e lọ.