Òkúta lẹ́yìn ọmọdé: fíìmù Kòríà tó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ Búdà yé mi

Ọmọkùnrin kékeré kan mú ẹja nínú odò, ó fi okùn tín-ínrín so òkúta mọ́ ọn lára, ó dá a padà sómi, ó wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹja náà ṣe ń jà raburabu. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àkèré. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ejò. Bàbá ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà tó ń tọ́ ọ dúró lẹ́yìn, ó ń wò ó, kò pariwo mọ́ ọn. Lóru, nígbà tí ọmọ ti sùn, bàbá gbé òkúta, ó dè é mọ́ ọn lẹ́yìn. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ ń sunkún pé ó wúwo, òun ò lè rìn. Bàbá bi í pé ẹja ńkọ́, àkèré ńkọ́, ejò ńkọ́? Ó ní kó lọ wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tú wọn sílẹ̀, pé tí ọ̀kan nínú wọn bá ti kú, inú ọkàn ni yóò máa gbé òkúta náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹja ti kú. Àkèré ṣì wà láàyè. Ejò ti kú sínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ejò yẹn, ó bú sẹ́kún.

Ibẹ̀ ni mo ti ní kí ọmọ àbúrò mi dá fíìmù dúró kí n nu ojú mi. Àwọn bàbá wa ti sọ pé ẹni tí yóò fi ọ̀pá ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pẹ̀lú ojú mi.

Spring, Summer, Fall, Winter... and Spring ni wọ́n ń pe fíìmù náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kim Ki-duk, ará Kòríà ti Gúúsù, ló darí rẹ̀. Ọdún 2003 ló jáde, ìṣẹ́jú 103 ló sì gùn. Ìgbà inú ọdún ni orúkọ náà ń kà. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwa, pẹ̀lú ọyẹ́ tó ń fẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀nà mẹ́rin ni ọdún tiwọn pín sí: ewé á rú, oòrùn á mú, ewé á wọ́, omi á dì, ewé á tún rú. Ìgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ apá kan nínú ayé ọkùnrin kan ṣoṣo, láti ìgbà tó wà lọ́mọdé títí òun náà fi di bàbá tó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí fún ọdún 33 kí n tó fẹ̀yìn tì, Kàbà ni mò ń gbé. Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin, ará Sri Lanka kan ló ń kọ́ wa ní ìṣirò. Ère kékeré kan wà lórí tábìlì rẹ̀, ọkùnrin tó ká ẹsẹ̀ kò, tó dijú. A pọn omi lọ fún un lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wa bi í pé ṣé òrìṣà wọn nìyẹn. Ó ní rárá, èèyàn ni, ẹni tó jókòó títí ó fi mọ ìdí tí ọmọ aráyé fi ń jìyà. A jáde, a ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìjọ ECWA ni mí, ibẹ̀ ni wọn yóò ti sin mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn bá mi dé wọ́ọ̀dù, ó bá mi dé ẹ̀gbẹ́ sàréè ọkọ mi.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó wá ìwé kà nípa rẹ̀. Siddhartha Gautama ni orúkọ ọkùnrin náà, òun ni wọ́n ń pè ní Búdà, ọmọ ọba ni, Lumbini ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Nepal lónìí. Ìtàn wọn sọ pé bàbá rẹ̀ fi ohun ìnira pa mọ́ fún un, títí ó fi jáde tó rí arúgbó, tó rí aláìsàn, tó rí òkú, tó sì wá rí ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọmọ ọdún 29 ni nígbà tó fi ààfin sílẹ̀. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, mo máa ń rí wọn kí n tó jẹun òwúrọ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ dá lé òtítọ́ mẹ́rin: pé ìyà wà, pé ìfẹ́ ọkàn tó ń di ohun tí kò lè dúró mú ló ń fà á, pé ó lè tán, pé ọ̀nà tí èèyàn lè tọ̀ tó fi máa tán wà. Dukkha ni wọ́n ń pe ìyà ọ̀hún, ó sì fẹ̀ ju ìrora lọ. Àìfararọ ni mo lè pè é, bí ẹni tó wọ bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, tó sì fi ń rìn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Òtítọ́ kejì yẹn kò wọ̀ mí lára rárá. Rọpárọsẹ̀ dá ìyá mi dùbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó lọ. Kí ni wọ́n ń ṣe ojúkòkòrò sí? Wọ́n kàn fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Mo sọ ọ́ fún ọmọ àbúrò mi, tó jẹ́ agùnbánirọ̀ ní Ìsánlú. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú sí ìwé yẹn, mo ní fíìmù kan tí màá gbé wá fún yín.” Òun náà ló sọ àkàwé ọfà méjì tí Búdà pa fún mi. Ọfà kìíní ni ìrora tó bá ara, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́. Ọfà kejì ni èyí tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń ta sí ojú egbò kan náà: kí ló dé tó fi jẹ́ èmi, ta ló fà á, ìgbà wo ni yóò tán. Mo ti rí ọfà kejì yẹn lójú àwọn tó wá tọ́jú aláìsàn ju lójú aláìsàn fúnra rẹ̀ lọ.

Ó gbé fíìmù náà wá nínú fíláàṣì lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìyá tó wà ní ilé kejì, tí wọ́n ti lé ní ọdún 75, bá wa jókòó. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀, wọn kò sì nílò rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu kò pọ̀ nínú rẹ̀. Omi, ẹyẹ àti ìró ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù lèèyàn máa gbọ́ jù. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi fẹ́ máa túmọ̀ fún wọn, wọ́n ní, “Dákẹ́, ọmọ mi, mò ń rí i.”

Tẹ́ńpìlì kékeré tó léfòó lórí adágún ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Adágún Jusanji ni, ní agbègbè Cheongsong. Omi tí èèyàn sé ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn ni, àwọn igi ńlá sì dúró sínú rẹ̀. Tẹ́ńpìlì yẹn kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fíìmù ni wọ́n kọ́ ọ fún, wọ́n sì tú u kúrò lẹ́yìn náà. Ẹ ṣọ́ ilẹ̀kùn inú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan dúró láàárín yàrá, kò sí ògiri lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì, síbẹ̀ wọ́n á ṣí i kí wọ́n tó kọjá. Ní ìgbà oòrùn, ọmọ yẹn ti di géńdé, ọmọbìnrin aláìsàn kan wá gba ìwòsàn lọ́dọ̀ bàbá, ìfẹ́ wọlé. Lóru ọjọ́ kan ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó gba ibi tí kò sí ògiri rá lọ sórí ẹní ọmọbìnrin náà. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohunkóhun. Ìyá kejì ilé kàn mí apá ni, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, o rí i bí?”

Bàbá kò lu ọ̀dọ́kùnrin náà tàbí ọmọbìnrin náà. Ó ní ara ọmọbìnrin náà ti yá, kó máa lọ sílé. Ó sì kìlọ̀ fún ọ̀dọ́kùnrin náà pé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń di ìfẹ́ láti sọ èèyàn di ohun ìní, ìyẹn a sì máa bí ìpànìyàn. Kò gbọ́. Ó sá tẹ̀ lé ọmọbìnrin náà. Nígbà tí ewé wọ́, bàbá ń ka ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di oúnjẹ, ó rí i pé ọkùnrin ẹni 30 ọdún kan ti pa ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin náà sì ti sá lọ. Ọmọ tí bàbá tọ́ yẹn ni.

Ó sá padà wálé lóòótọ́, pẹ̀lú ọ̀bẹ náà lọ́wọ́. Bàbá ki ìrù ológbò bọ inú yíǹkì dúdú, ó kọ ẹsẹ ìwé mímọ́ wọn kan, Heart Sutra, sórí pákó iwájú tẹ́ńpìlì. Ní ẹ̀dà tí wọ́n ń kà jù, àmì ìkọ̀wé Ṣáínà 260 ló wà nínú ẹsẹ náà. Ó ní kí apànìyàn yìí fi ọ̀bẹ tó fi pààyàn gbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́pàá méjì dé, wọ́n sì dúró de iṣẹ́ yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí oorun gbé ọkùnrin náà lọ lórí pákó, àwọn ọlọ́pàá yẹn bá wọn kun àwọn àmì náà lọ́dà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìdájọ́ láyé mi, n kò tíì rí irú èyí.

Àmọ́ ohun méjì kò dùn mọ́ mi nínú fíìmù yìí, n kò sì ní fi pamọ́. Àkọ́kọ́ ni àwọn ẹranko. Ojú mi rí i pé ẹja gidi àti ejò gidi ni wọ́n so òkúta mọ́. Fíìmù tó ń kọ́ni pé ká má fìyà jẹ ohun ẹlẹ́mìí, ó yẹ kó wá ọ̀nà mìíràn. Èkejì ká mi lára jù: àwọn obìnrin. Ọ̀kan wá gẹ́gẹ́ bí aláìsàn, ó di ìyàwó, wọ́n pa á níbi tí a kò rí. Ní ìgbà òtútù òmíràn fi aṣọ bo gbogbo ojú, ó gbé ọmọ jòjòló wá, ó fi í sílẹ̀, bó ṣe ń sá lọ lóru ó já sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sórí yìnyín, ó kú. A kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ àfi ẹkún. Ọkùnrin ni ìyà sọ di ọlọ́gbọ́n, obìnrin ló kú sí i. Ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú òtútù, òkúta tiẹ̀ ńkọ́? Mo fẹ́ wo fíìmù yẹn pẹ̀lú.

Síbẹ̀, nítorí ohun tó tẹ̀ lé ikú obìnrin náà ni mo ṣe ń kọ èyí. Ọkùnrin wa ti jáde lẹ́wọ̀n, irun ti ń funfun, Kim Ki-duk fúnra rẹ̀ ló sì kó ipa rẹ̀ níbí. Ó bọ́ aṣọ òkè ara rẹ̀ nínú òtútù. Ó fi okùn so ọlọ òkúta ńlá mọ́ ìbàdí, ó gbé ère lọ́wọ́, ó sì kọjú sí òkè. Obìnrin kan ń kọ orin ìbílẹ̀ wọn, Arirang, pẹ̀lú ohùn tó ń ya. Ó ṣubú, ó dìde, òkúta há sáàárín igi, ó fà á yọ. Láàárín rẹ̀ wọ́n tún ń fi ẹja hàn wá, àkèré, ejò, pẹ̀lú òkúta wọn lára. Ẹni tó bá mọ òkè àpáta ilẹ̀ wa, àwọn tí àwọn baba ńlá wa gùn sá fún ogun Núpé pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ lẹ́yìn, kò nílò kí wọ́n túmọ̀ ibẹ̀ fún un.

Ìyá kejì ilé dìde díẹ̀ lórí àga. Wọ́n nawọ́ sí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń kí ọkùnrin náà: “Okun o! Okun o!” Bí a ṣe ń kí ẹni tó ń ti oko bọ̀ nìyẹn níbí, ohun kan náà la fi ń kí ẹni tó ṣòfò.

Ó dé orí òkè, ó gbé ère kalẹ̀, ó jókòó, adágún ti kéré nísàlẹ̀ bí abọ́. Bátìrì kọ̀ǹpútà kú. Kò sí iná, epo sì ti tán nínú jẹnẹrétọ̀. Ọmọ àbúrò mi gbé kẹ́ẹ̀gì, ó jáde lọ wá epo.

Nínú òkùnkùn yẹn ni mo sọ ohun tí n kò sọ fún ọkọ mi rí. Ó jẹ́ ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi nìkan ni mo wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin lóru, aláìsàn 28. Màmá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ń béèrè omi. Mo fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta mo jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yòókù sùn. Wọn kò béèrè mọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn ní agogo márùn-ún, ara wọn ti tutù. Omi kọ́ ló pa wọ́n, iṣẹ́ mi jẹ́ kí n mọ ìyẹn dájú. Àmọ́ ohun tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn láyé ni igbe mi.

Ìyá dákẹ́ títí mo fi rò pé wọ́n ti sùn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn wọn: “Okun o, ọmọ mi.” Wọn kò fi nǹkan kan kún un.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wo fíìmù yìí báyìí, máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹ má ṣe wò ó pẹ̀lú ọmọdé. Ìhòhò wà ní ìgbà oòrùn, bàbá náà sì dáná sun ara rẹ̀ kí ìgbà òtútù tó dé. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kó má dá nìkan wò ó. Ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn nílé, tó ti rẹ̀ tó sì ń jágbe, òun gan-an ni mo fẹ́ kó wá a.

Epo dé, a tan ẹ̀rọ, a wo ìyókù. Ewé ti tún rú. Ọmọ jòjòló yẹn ti dàgbà díẹ̀, ó jókòó níwájú tẹ́ńpìlì, ó mú ìjàpá kan, ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wò ó, wọ́n yí sí mi.

“Nọ́ọ̀sì, ṣé ọkùnrin yẹn ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè? Ọmọ ti tún bẹ̀rẹ̀.”