Ọkọ̀ Èkó sí Àbújá: wọ́n tú báàgì wa ní Jíbówú, dẹ́rẹ́bà wá lọ gbé sóólè lójú ọ̀nà

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yìí torí mi ò wá ìjà o. Ọkọ̀ wọn mọ́, AC ń ṣiṣẹ́, ìjókòó ò há, kò sí pé à ń fún èèyàn mẹ́rin pọ̀ síbi èèyàn mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ààbò ni mo fẹ́ sọ torí òun gan-an ni wọ́n fi ń gbowó lé tíkẹ́ẹ̀tì wọn ju tàwọn ọkọ̀ gáréèjì lọ.

Ká sòótọ́, ní Jíbówú, wọ́n gbìyànjú. Wọ́n fi irin tó ń dún píìpíì yẹn yẹ ara wa wò, wọ́n tú báàgì. Ìyá kan gbé sílíńdà gáàsì kékeré wá, ó bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà, mo gbóṣùbà fún wọn níbẹ̀ torí mo ti wọ ọkọ̀ tí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wà lábẹ́ ìjókòó rí. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan manifest, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ èrò sí: orúkọ ẹ, nọ́ńbà ẹ, àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tún nọ́ńbà ara ẹ̀ kọ síbi tó yẹ kó kọ tìyàwó ẹ̀, mo ní "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá wá pè é ńkọ́, ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa gbé e?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àmọ́ ó fagi lé e ó kọ òmíràn. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹnì kan tún wọlé ya fídíò ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó dé fìlà, wọ́n ní kó ṣí i.

Ó ṣeni láàánú pé gbogbo ètò yẹn ò kọjá géètì. Nígbà tá a dé Benin, èrò méjì sọ̀, ìjókòó wọn ṣófo. Kí á tó dé Auchi, dẹ́rẹ́bà ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ó gbé ọkùnrin méjì, sóólè tí mo ń wí nìyẹn, èrò ojú ọ̀nà tí kò gba gáréèjì wọlé. Kò sẹ́ni tó yẹ wọ́n wò, wọn ò sí nínú manifest, wọn ò sí nínú fídíò, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ohun tó wà nínú báàgì tí wọ́n gbé lẹ́sẹ̀. Màmá tó jókòó lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní "Dẹ́rẹ́bà, àwọn wo nìyí?" Ó ní "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, àbúrò mi ni wọ́n." Àbúrò tó ń kawó sí i lọ́wọ́! Wọ́n sọ̀ ní Okene láìṣe nǹkan kan, a dúpẹ́, ó lè jẹ́ ọmọlúàbí ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbọ́ ìròyìn ajínigbé níbẹ̀ nìyẹn, kí wá lèrè fídíò táwa tá a sanwó yà, tí ẹni tó yẹ kí wọ́n ya gan-an bá ń wọlé láàárín ọ̀nà? Ìdúró-dúró yẹn náà ló sì jẹ́ kílẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí kí á tó dé Abaji, bẹ́ẹ̀ torí ká má baà rìn lóru ni wọ́n ṣe ní káwa dé ní aago mẹ́fà ìdájí.

Eré sísá ńkọ́? Kìlómítà 90 ní wákàtí kan ni Road Safety ní kí bọ́ọ̀sì má kọjá lójú ọ̀nà márosẹ̀, láti 2016 ni wọ́n sì ti ń sọ fáwọn ọlọ́kọ̀ èrò pé kí wọ́n fi speed limiter, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sáré jù, sí i. Síkà ẹ̀ wà lára gíláàsì iwájú lóòótọ́, àmọ́ Google Maps orí fóònù mi ń fi ju 110 hàn mí. Tó bá ti rí ṣẹ́kípọ́ìntì á rọra, tó bá kọjá ẹ̀ ó tún di.

Ẹ tún máa wo táyà o, kò gba ìṣẹ́jú kan. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára ẹ̀, lẹ́yìn DOT: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Tiwọn tí mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò jẹ́ 3518, ìyẹn ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì 2018, bẹ́ẹ̀ Road Safety ní ọdún 4 ni kí táyà lò. Bó ṣe ń dán tó o, ṣe lẹ máa rò pé tuntun ni. Bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn, ká má tiẹ̀ sọ ọ́, ó ti wọnú fóòmù lọ, ó tó bíi wákàtí kan kí n tó yọ ọ́ jáde.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Àǹtí tó gbé e fohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ mí, ó ní àwọn máa bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀. Tí tiyín bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dúró dọjọ́ kejì, 122 ni nọ́ńbà Road Safety, lójú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè é.

Màá ṣì wọ̀ wọ́n, torí ọkọ̀ gáréèjì tí ò ní manifest rárá ńkọ́. Ìràwọ̀ 3 nínú 5. Tí wọ́n bá fòpin sí sóólè màá fi ọ̀kan kún un, ìkarùn-ún dọwọ́ táyà.