AC màmá mi gba ₦177,500 lọ́wọ́ mi kó tó tutù: bí iṣẹ́ àwọn mẹ́ta tó tún un ṣe ṣe rí

Màmá mi ti pé ẹni ọdún 78, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn jà. Bí ooru Fẹ́búárì bá ti wọlé sí Ẹ̀gbẹ́dá níbí, tí AC yàrá wọn ò ṣiṣẹ́, wọn ò ní fojú kan oorun di ìdájí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dúnàá dúrà rárá lọ́jọ́ tí AC náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Split ni, 1.5HP, gáàsì R410A ló ń lò, ọdún kẹrin rẹ̀ lára ògiri wa sì nìyí.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè, ọmọ àdúgbò ni. Ó fọ ti inú ilé, ó fọ ti ìta. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó fọ̀ ọ́ dáadáa. Omi tó ń ṣàn jáde lára kọ́ìlì ti ìta dúdú bí àdí. ₦10,000 ló gbà fún ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló so géèjì mọ́ ọn, ó ní, “Mọ́mì, gáàsì ló ti tán. Gbogbo AC ló máa ń mu gáàsì tó bá ti pẹ́ díẹ̀.” Mo san ₦35,000 fún gáàsì. Yàrá tutù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá mi sì súre fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni. Afẹ́fẹ́ tún di lásán, omi ń kán sórí ìrọ̀rí wọn, yìnyín sì bo páìpù ẹ̀yìn ilé. Ọmọkùnrin náà padà wá, ó ní òun ò ní gba owó iṣẹ́, owó gáàsì nìkan. ₦35,000 mìíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Mi ò dúpẹ́ mọ́ báyìí, torí mo ti mọ ohun tó yẹ kí n béèrè.

AC kì í mu gáàsì bí mọ́tò ṣe ń mu epo. Inú páìpù bàbà tí wọ́n ti dí pa ni gáàsì náà ti ń yí po: á gbé ooru inú yàrá, á lọ tú u sílẹ̀ níta, á tún padà wọlé. Bó bá dín, ó ti rí ibì kan jò gbà nìyẹn. Fìríìjì tí màmá mi rà nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ṣì ń ṣiṣẹ́ ní kíṣìnì, kò sì sẹ́ni tó fi gáàsì kún un rí. Yìnyín tí mo rí lára páìpù pàápàá, mo rò pé ó ń tutù jù ni. Gáàsì tó ti dín ló fà á: páìpù á tutù kọjá ààlà, omi inú afẹ́fẹ́ á sì dì mọ́ ọn lára. Ẹni tó ń rọ gáàsì sínú AC tó ń jò láì wá ibi tó ti ń jò, ajere ló ń pọn omi sí, owó mi ló sì fi ń pọn ọ́n.

Mítà wa náà sọ tirẹ̀. Band A la wà, ìpele àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù tí owó rẹ̀ sì wọ́n jù; yúníìtì kan ju ₦200 lọ nígbà yẹn. Iná ₦10,000 tó máa ń tó wa lò fún ọjọ́ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ́jọ́ kẹrin. AC tí gáàsì rẹ̀ ò pé kò lè mú yàrá tutù dé ibi tí wọ́n fi rìmóòtù sí, nítorí náà kọ̀ńpírẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ti ìta tó ń ti gáàsì yí po, kì í sinmi. Owó iná yìí ò sí nínú ₦177,500 tí mo kọ sókè.

Nígbà tó máa fi di oṣù karùn-ún, ti ìta ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Á kùn díẹ̀, á gbọ̀n, á dákẹ́. Mo pe ẹlòmíràn láti ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Ó fetí sí i fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ti kú: ₦145,000 fún òmíràn, ₦30,000 fún iṣẹ́. Kò fi mítà àyẹ̀wò kan nǹkan kan rárá. Mo fún un ní ₦5,000 tó ní òun máa gbà fún wíwá, mo ní kó jẹ́ kí n lọ wá owó. Mo tiẹ̀ ti pe ọjà Alábà láti béèrè iye tí AC tuntun jẹ́.

Àbúrò mi obìnrin ló gbà mí. Àjáh ló ń gbé, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti òkun wá sì máa ń mú kí kọ́ìlì AC wọn dípẹtà, nítorí náà ó mọ oníṣẹ́ ju èmi lọ. Ọkùnrin tó júwe fún mi fi ọjọ́ méjì pẹ́ kó tó wá, inú mi sì ru. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ìbéèrè ló kọ́kọ́ ń bi mí: ta ló gbé e kọ́, ẹ̀ẹ̀melòó la ti rọ gáàsì, àárín wọn tó oṣù mélòó. Ó yọ kàpásítọ̀, ohun kékeré tó ń ran kọ̀ńpírẹ́sọ̀ lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀, ó fi mítà wọ̀n ọ́n níṣojú mi. 35 ni wọ́n kọ sí i lára. 11 ni mítà kà. Ó fi òmíràn sí i. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tí wọ́n ní ó ti kú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. ₦8,500 ni wọ́n ń ta ohun tí mo fẹ́ lọ san ₦175,000 lé lórí.

Ó wá po ọṣẹ, ó fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ pa gbogbo orí nọ́ọ̀tì. Lórí páìpù ńlá ti ìta, ọṣẹ náà ń hó, ó ń ru. Ó tú gáàsì tó kù dànù, ó sì tú nọ́ọ̀tì: ẹnu bàbà náà, níbi tí wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ bí ẹnu kàkàkí, ti sán, torí ẹni tó gbé e kọ́ fún un jù. Ó gé e, ó fẹ ẹnu tuntun, ó pààrọ̀ nọ́ọ̀tì. Ó rọ náítírójìn sínú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń jò, ó fi géèjì sílẹ̀ fún wákàtí kan, ọwọ́ géèjì ò yẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde. Ìgbà yẹn ló tó gbé sílíńdà sórí òṣùwọ̀n, ó da orí rẹ̀ kodò, ó sì wọn gíráàmù 950 gẹ́lẹ́, bó ṣe wà lára AC náà. Ó ṣàlàyé pé gáàsì méjì tí wọ́n pò pọ̀ ni R410A, bí omi ló sì yẹ kó jáde, kì í ṣe bí èéfín, kí ìkan má baà ṣíwájú èkejì.

Owó tó gbà nìyí: ₦5,000 fún àyẹ̀wò, ₦8,500 fún kàpásítọ̀, ₦6,000 fún ẹnu páìpù àti nọ́ọ̀tì, ₦15,000 fún náítírójìn àti ìfà-afẹ́fẹ́, ₦38,000 fún gáàsì, ₦20,000 fún iṣẹ́. ₦92,500. Nínú ₦85,000 tó ti lọ ṣáájú, ₦10,000 tí mo fi fọ AC nìkan ni mo rí nǹkan gbà sí.

Nínú márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún un. Ọjọ́ méjì tó fi pẹ́ dùn mí. Gáàsì tó tú sáfẹ́fẹ́ dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Ó ní òun ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbà á padà. Ó yẹ kó ní in. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló fi àrùn hàn mí kó tó dárúkọ owó. Bí ẹnìkan bá tún sọ fún mi pé gáàsì ló tán, màá ní kó fi ibi tó gbà jáde hàn mí. Bó bá ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ló kú, màá ní kó kọ́kọ́ wọn kàpásítọ̀.

Ó ti di oṣù karùn-ún báyìí tó ti tún un ṣe. Iná ₦10,000 ti padà sí ọjọ́ mẹ́fà. 24 la fi rìmóòtù sí, àti pé lọ́gànjọ́ àná, màmá mi ní kí n bá wọn mú aṣọ ìbora wá.