East of England Co-op: ohun tí mo rí lẹ́yìn tí mo di ọmọ ẹgbẹ́

Kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí nípa àwọn ṣọ́ọ̀bù East of England Co-op ni pé ṣé ọjà wọn dínwó. Rárá o, kò dínwó. Ẹni tó bá fẹ́ ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan fún ilé ọlọ́mọ mẹ́ta, kó gbé àpò rẹ̀ gba Aldi tàbí Lidl lọ. Èmi náà ń lọ síbẹ̀, n kì í sì í fi pa mọ́. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà nítòsí ilé kò lè bá ilé ìtajà ràgàjì du iye owó, ì báà jẹ́ ti ta ni. Ẹ má sì retí ẹ̀lùbọ́ tàbí epo pupa níbẹ̀. Norwich Road la ti ń ra ìyẹn ní Ipswich, lọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó ti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá.

Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn èèyàn wa bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Suffolk, mo máa ń sọ fún un pé kó lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní East of England Co-op, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní ìhà ìlà oòrùn England níbí.

Ohun tó máa ń rú wọn lójú ni orúkọ. Wọ́n rò pé Co-op kan ṣoṣo ló wà ní Britain. Èyí tó tóbi jù, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Manchester, ni wọ́n máa ń rí nínú ìpolówó ọjà orí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn mìíràn wà tó dá dúró, tí wọ́n ní ìgbìmọ̀ tiwọn, àpò owó tiwọn àti àgbègbè tiwọn. Lincolnshire Co-op wà ní Lincoln, Scotmid wà ní Edinburgh. Suffolk, Norfolk àti Essex ni tiwa ti ń tajà. Ọdún 2005 ni ẹgbẹ́ Ipswich and Norwich àti ti Colchester and East Essex para pọ̀ di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti Colchester bẹ̀rẹ̀ ní 1861, ti Ipswich ní 1868, ti Norwich ní 1875. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ wo orúkọ tó wà lórí rìsíìtì. Ẹni tó bá gba káàdì ti Manchester, tó wá ń fi rajà lọ́dọ̀ tiwa, kò ní rí àǹfààní ọmọ ẹgbẹ́ gbà. Mo ti rí ẹni tó ń bá òṣìṣẹ́ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òṣìṣẹ́ náà kò sì jẹ̀bi.

Ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá ti ṣe olùkọ́ rí mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dáadáa. Wọ́n á yọ owó lára owó oṣù, èèyàn á yá ìlọ́po méjì ohun tó fi pamọ́, tó bá sì di ìparí ọdún, wọ́n á pín èrè, ìrẹsì àti òróró á wọlé. Ìdílé kan náà ni Co-op yìí ti wá, àfi pé ọjà títà ni tìhín gùn lé. Rochdale, lẹ́bàá Manchester, ni ọ̀nà náà ti fìdí múlẹ̀ ní 1844. Èèyàn 28, tí àwọn ahunṣọ pọ̀ nínú wọn, ń dá owó díẹ̀díẹ̀ títí tí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan fi pé pọ́n-ùn kan. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìgbà yẹn ń po ẹfun mọ́ ìyẹ̀fun, òṣùwọ̀n wọn kì í sì í pé. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tiwọn pẹ̀lú bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, óòtì àti àbẹ́là mélòó kan. Ọjà tí kò ní àbùlà, òṣùwọ̀n tó pé, ìbò kan fún ẹnì kan. Inú àṣà yìí náà ni ìjọba amúnisìn ti mú òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà ní 1935. Báńkì Co-operative tó ṣí ní Ìbàdàn ní 1953, ọmọ bàbá kan náà ni.

Pọ́n-ùn kan náà ni mo san láti wọlé. Ìpín yín nìyẹn. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn nínú ẹgbẹ́ kò ní ju ìbò kan lọ, èmi tí mo ní pọ́n-ùn kan náà ní ìbò kan. Ní ti èrè tí wọ́n ń pín, ẹ má fi kọ́lé lọ́kàn. Tèmi ò tíì ra bàtà fún mi rí. Ẹni tó bá wọlé nítorí owó nìkan, ojú á tì í lọ́dún àkọ́kọ́.

Ibi tí mo ti jèrè ní ti owó ni pẹpẹ onípẹ́ǹsì mẹ́wàá. Oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ tí déètì Best before ara rẹ̀ ti kọjá ní pẹ́ǹsì mẹ́wàá ní ilé ìtajà tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, èyí tí ilé ìtajà ńlá kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní Britain. Déètì méjì ló ń wà lára oúnjẹ níbí. Use by ni ti ẹran àti ẹja tútù. Bí ó bá ti kọjá, ẹ dà á nù, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni tà á. Best before ń sọ ìgbà tí adùn rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, kò sọ pé oúnjẹ ti bàjẹ́. Tòmátò inú agolo, màkàróónì, ìrẹsì, bísíkíìtì, oṣù kan lẹ́yìn déètì kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Pẹpẹ náà kì í ga ju orúnkún lọ, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Agolo tí ara rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú èròjà ìsebẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní òun kò jẹ́ jẹ àjẹkù òyìnbó láéláé. Tòmátò yẹn kan náà ni mo fi se ọbẹ̀ tí wọ́n jẹ nílé mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Àǹtí sì bu ẹ̀ẹ̀kejì. N kò tíì sọ fún wọn.

Ohun tí mo gbádùn jù nínú ọjà wọn ni ti àwọn àgbẹ̀ àdúgbò. Sourced Locally ni wọ́n ń pè é, asparagus ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Ewébẹ̀ tó rí bí ọ̀pá ìlù ni. Láti nǹkan bí ìparí oṣù Kẹrin títí di ìdajì oṣù Kẹfà ló ń jáde nínú ilẹ̀ ìhín, lẹ́yìn ìyẹn ó di ti òkè òkun. Ó dùn pẹ̀lú bọ́tà. Mo ti dán an wò nínú ẹ̀fọ́ rírò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ànàmọ́ òyìnbó wọn ṣì máa ń ní erùpẹ̀ lára. Jáàmù Tiptree, tí ilé iṣẹ́ Wilkin & Sons ń ṣe ní Essex láti 1885, inú ìlú tó ń jẹ́ Tiptree gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Owó tí mo bá fi ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í jìnnà sí mi: àgbẹ̀ ń gbà á, ọmọ ẹni tó wà ní òpópónà kejì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí àwọn òṣìṣẹ́, torí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn wọn.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo wà lórí ìlà pẹ̀lú burẹ́dì lọ́wọ́. Ọkùnrin kan fẹ́ ra ọtí. Òfin ni pé ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ra ọtí, nítorí náà ẹni tó bá jọ ẹni tí kò tó 25 ni wọ́n máa ń ní kó fi ìwé ìdánimọ̀ hàn. Ọmọbìnrin tó ń gbowó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà fárígá, ó bú u, ó gbá orí káńtà. Obìnrin àgbà kan jáde láti ẹ̀yìn, ó gbé kámẹ́rà kékeré kọ́ àyà, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin náà, kò pariwo rárá. Ó ní, "Ọ̀gá, a ò ní tà á fún yín lálẹ́ òní. Ẹ máa lọ." Nígbà tí ọkùnrin náà jáde, ó yíjú sí ọmọbìnrin náà: "Lọ jókòó, mu tíì, mo wà níbí." Òun fúnra rẹ̀ ló gba owó burẹ́dì mi.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láti ilé dé ilé yóò mọ ìdí tí nǹkan kékeré yìí fi wọ̀ mí lára. Ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣe rí, bí wọ́n bá bú ẹ nílé àwọn tó ò ń tọ́jú, ohun tí ọ̀gá máa sọ lórí fóònù ni pé kó o pa á mọ́ra, kó o lọ sílé tó kàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ń rí ìwọ̀sí lójoojúmọ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, Usdaw, ti ń polongo lórí rẹ̀ tipẹ́, òfin ọdún 2022 sì sọ pé kí adájọ́ fi kún ìyà ẹni tó bá lu ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún aráàlú. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Co-op ní Manchester ni Usdaw fúnra rẹ̀ ti pilẹ̀ ní 1891, nítorí náà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe àlejò nínú irú ilé iṣẹ́ yìí. Òṣìṣẹ́ náà lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kó sì dìbò bíi tèmi. Ojú kan náà ni mo ń rí nídìí owó látọdún débí, wọ́n mọ orúkọ àwọn ọmọ mi, wọ́n sì mọ bàbá tó máa ń wá ra ìwé ìròyìn láàárọ̀. Ọjọ́ tí bàbá náà kò wá, wọ́n rán ẹnì kan lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń ro bàbá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti àwọn abúlé náà tún wà. Ibi tí báńkì ti kógbá sílé, tí bọ́ọ̀sì kì í sì í pọ̀, ṣọ́ọ̀bù Co-op lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó kù tí arúgbó lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ẹ óò rí apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ fún àwọn aláìní lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń sìnkú pẹ̀lú. Láti 2021, òfin ti ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ ìsìnkú gbé iye owó wọn síta, nítorí náà kẹ́ ẹ tó gba ti ẹnikẹ́ni, tiwọn náà níbẹ̀, ẹ fi wéra lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn èèyàn wa kì í béèrè owó nígbà ọ̀fọ̀, ó sì ń ná wa ní owó púpọ̀.

Ẹ̀yìn igbá rẹ̀ náà rèé. Àwọn ẹgbẹ́ agbègbè wọ̀nyí àti ti Manchester jọ ń ra ọjà pọ̀ kó lè dínwó. Nígbà tí àwọn ọ̀daràn ya wọ kọ̀ǹpútà ti Manchester ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, tí wọ́n jí àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀, ọjà wọ́n lórí pẹpẹ ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ìlú tó jìnnà ló sì kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Dídá dúró wọn ní ibi tó mọ. Ìpàdé ọmọ ẹgbẹ́ tí mo lọ, orí funfun ló kún ibẹ̀. Èmi àti obìnrin ará Ghana kan la jọ wo ojú ara wa, a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi ta ni? Àwọn èèyàn wa ń ra búrẹ́dì níbẹ̀ lójoojúmọ́, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn lè bi ọ̀gá àgbà ní ìbéèrè lójú gbogbo ayé nípa owó oṣù àwọn tó ń to búrẹ́dì náà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Iye owó ọjà ló gba ìkan tó kù. Bẹ́ ẹ bá fi orúkọ sílẹ̀, ímeèlì tẹ́ ẹ máa ń ṣí ni kẹ́ ẹ fún wọn, torí ibẹ̀ ni ìkéde ìpàdé máa ń bá mi. Tèmi ti wọ spam rí.